Òjò Wínníwínní Tí À Ń Fojú Di: Bí Sátẹ́láìtì Ṣe Ń Wá Ibi Tí Ooru Ìjì Ń Lọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àmù.

Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé tí àmù wà mọ̀ pé omi inú rẹ̀ máa ń tutù nini láìsí ẹ̀rọ kankan. Amọ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́n kì í dí pátápátá. Omi ń rin jáde sí i lára díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Omi tó ń gbẹ yẹn kì í lọ lọ́wọ́ òfo: ó ń gba ooru lára omi tó kù nínú àmù, ìdí nìyẹn tí èyí tó kù fi ń tutù. Ooru tó gbà kò sọnù. Ọ̀rinrin tó fò lọ ló gbé e dání, ọjọ́ tí ọ̀rinrin náà bá sì tún padà di omi, níbikíbi tó bá ti ṣẹlẹ̀, yóò tú u sílẹ̀, kọ́bọ̀ kan kò ní dín.

Ohun tí àmù ń ṣe ní igun ilé ni òkun ń ṣe fún gbogbo ayé. Oòrùn ń pa òkun ilẹ̀ olóoru, omi ń gbẹ kúrò lójú rẹ̀, ọ̀rinrin ń gòkè, ó ń di ìkúukùu, ooru ń jáde sínú òfurufú. Iye ooru tó ń jáde kò ṣòro mọ̀, a ó ṣírò rẹ̀ báyìí. Èyí tó gba àwọn onímọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún ni gíga tó ti ń jáde: ṣé kìlómítà 3 sókè ni, àbí 8? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa lónìí wà.

Kílò omi kan máa ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 júùlù (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ooru) kó tó di ọ̀rinrin. Òjò mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 lóròó, mítà 1 níbùú, kílò omi kan gééré ni. Ẹni tó bá mọ iye mìlímítà tí òjò fi rọ̀ ti mọ iye ooru tó kù sókè nìyẹn. Bí òjò bá ń rọ̀ ní mìlímítà 1 lóòjọ́, ooru rẹ̀ jẹ́ wáàtì 29 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi nọ́ńbà 29 yìí sápò, a ó tún padà sí i.

Ẹ wá wo ìjì kan tó rọ mìlímítà 50 sórí ìlú tó jẹ́ kìlómítà 10 lóròó, kìlómítà 10 níbùú. Omi tó bọ́ sílẹ̀ tó mílíọ̀nù 5 tọ́ọ̀nù. Ooru tí omi náà tú sílẹ̀ lókè tó agbára tí ilé iṣẹ́ amúnáwá tó ń mú 4,500 mẹ́gáwáàtì jáde yóò pèsè fún ọjọ́ 32 gbáko, láìjẹ́ pé iná lọ rí. Ìyẹn sún mọ́ gbogbo iná tó ń wá lórí wáyà ní Nàìjíríà lọ́jọ́ tó bá dára. Ìjì kan ṣoṣo la ń sọ o, ìrọ̀lẹ́ kan péré.

Tí gbogbo ooru òjò mìlímítà 10 bá dúró sínú afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa, láti ilẹ̀ dé òkè pátápátá, ìwọ̀n ìgbóná afẹ́fẹ́ náà ì bá fi dígírì 2.5 lọ sókè. A kì í rí i bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná máa ń gòkè, bó ṣe ń gòkè ló ń fẹ̀, bó ṣe ń fẹ̀ ló ń tutù. Ìrìn ni ooru náà sọ ara rẹ̀ dà: afẹ́fẹ́ gòkè níhìn-ín, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọlé wá dípò rẹ̀, òmíràn sọ̀ kalẹ̀ níbi tó jìnnà réré. Gíga tí ooru ti jáde ló sì ń pinnu gíga tí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ yóò gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1958, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ méjì, Herbert Riehl àti Joanne Malkus, ṣírò pé nǹkan bí 1,500 sí 5,000 ìkúukùu gogoro tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà yíká ilẹ̀ olóoru ti tó láti gbé ooru ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọ́n sọ wọ́n ní ilé gogoro olóoru. Nígbà náà, kò sí ojú kankan lókè tó lè kà wọ́n. Obìnrin yẹn, tí wọ́n padà wá mọ̀ sí Joanne Simpson, ni NASA, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń rán sátẹ́láìtì lọ sókè, fi ṣe olórí àwọn onímọ̀ tó ṣètò sátẹ́láìtì òjò àkọ́kọ́ láti 1986. Ó béèrè ìbéèrè, ó sì dúró títí ẹ̀rọ tó máa dáhùn rẹ̀ fi gòkè.

Ṣùgbọ́n kí á tó dé ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, ẹ jẹ́ ká wo ìjì náà fúnra rẹ̀, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àsìkò òjò. Ìlà-oòrùn ló ti ń bọ̀, ó sì lè máa rìn tó kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Ìwọ̀-oòrùn ṣì mọ́ roro, ìlà-oòrùn ti ṣú dùdù bí aró. Afẹ́fẹ́ tútù kan á kọ́kọ́ fẹ́ lójijì, eruku á sọ, páànù á máa lù gbàgà, ẹni tó sá aṣọ á máa sáré. Òjò ńlá á wá dé pẹ̀lú àrá, kíkankíkan, fún bí ogún ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Tó bá rọlẹ̀, kì í dá lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀run á funfun bí eérú, òjò á máa ṣẹ̀ wínníwínní fún wákàtí méjì, mẹ́ta. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn máa ń sọ pé òjò ti dá, tí wọ́n á mú agbòjò jáde.

Apá àkọ́kọ́ ni a ó máa pè ní òjò gogoro, apá kejì ní òjò pẹrẹsẹ. Ara ìjì kan náà ni àwọn méjèèjì, àmọ́ iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Nínú òjò gogoro, afẹ́fẹ́ ń ta sókè ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rinrin ń di omi láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítorí náà gbogbo ara òpó afẹ́fẹ́ náà ló ń gbóná, èyí tó sì gbóná jù wà ní nǹkan bíi kìlómítà 4 sí 6. Nínú òjò pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ òkè ń gòkè jẹ́jẹ́, kì í tó mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá. Yìnyín wẹ́wẹ́ tí òjò gogoro ti tú jáde lórí ń fẹ́ lọ sẹ́yìn, ọ̀rinrin ń lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n ń tóbi, wọ́n sì ń bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ọ̀rinrin ti ń di yìnyín yìí ń gbóná, ooru rẹ̀ sì pọ̀ jù ní kìlómítà 7 sí 8. Tí yìnyín náà bá sọ̀ dé nǹkan bíi kìlómítà 5, yóò yọ́, yíyọ́ sì ń gba ooru: kílò kan ń gba 334,000 júùlù. Lábẹ́ ibẹ̀, ẹ̀kán omi á bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí kò ní ọ̀rinrin tó, díẹ̀ nínú rẹ̀ á gbẹ, á tún gba ooru sí i. Òkè ń gbóná, ìsàlẹ̀ ń tutù. Òtútù tó máa ń dáni lára lẹ́yìn òjò, gbígbẹ ẹ̀kán omi yìí wà lára ohun tó ń fà á.

Ẹ wá fojú inú wo òṣùwọ̀n òjò méjì ní ìlú méjì. Mìlímítà 20 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́, òjò gogoro nìkan ló rọ̀. Ti kejì, ìdajì rẹ̀ pẹrẹsẹ. Àròpọ̀ ooru wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n ní ìlú kìíní, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ilẹ̀ ló ń wọlé wá. Ní ìlú kejì, afẹ́fẹ́ agbedeméjì òfurufú ni ìjì ń fà mọ́ra, ibi tó sì ń rán ooru lọ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òṣùwọ̀n òjò kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn láéláé. Àwòṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, tó bá gbé ooru sí ìsàlẹ̀ jù, yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ibi tí kò yẹ lórí gbogbo òkun Pàsífíìkì.

Èyí tó yani lẹ́nu ni bí òjò pẹrẹsẹ ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí Courtney Schumacher àti Robert Houze ka ohun tí sátẹ́láìtì rí láàárín dígírì 20 àríwá àti dígírì 20 gúúsù, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2003, òjò pẹrẹsẹ ló gba ìpín 73 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ àti òkun tí òjò ń rọ̀ sí, ó sì kó ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún omi tó bọ́. Wínníwínní tí à ń fojú di yẹn ni o.

Sátẹ́láìtì tí wọ́n lò ni TRMM. Amẹ́ríkà àti Japan ló jọ ṣe é, wọ́n sì tú u sókè láti Tanegashima ní Japan ní oṣù kọkànlá 1997. Kìlómítà 350 ló kọ́kọ́ wà. Ní 2001 wọ́n gbé e dé 402 kí epo rẹ̀ lè pẹ́, torí afẹ́fẹ́ tínrín tó wà níbẹ̀ ń fà á sẹ́yìn. Kì í kọjá dígírì 35 sí àríwá tàbí gúúsù. Ilẹ̀ olóoru ni wọ́n fi ṣọ́. Ó ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ọdún 17 kó tó jábọ́ ní oṣù kẹfà 2015. Èyí tó rọ́pò rẹ̀, GPM, ti gòkè ní oṣù kejì 2014. Tirẹ̀ dé dígírì 65, rédà méjì ló sì gbé, tí ìgbì rédíò wọn jẹ́ gígáhẹ́ẹ̀tì 13.6 àti 35.5.

Rédà TRMM ni àkọ́kọ́ tó wọn òjò láti òkè ọ̀run. Ó ń rán ìgbì rédíò gígáhẹ́ẹ̀tì 13.8 sísàlẹ̀, ó sì ń tẹ́tí sí èyí tó kọlu ẹ̀kán omi tó padà. Bí ìgbì náà ṣe pẹ́ tó kó tó padà ló ń sọ bí ẹ̀kán omi ṣe ga tó, bó ṣe lágbára tó ló ń sọ bí wọ́n ṣe tóbi tó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gé ìjì sí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, mítà 250 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Ojú kan tó ń wò fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 5.

Ibo ni ooru wà nínú èyí? Kò sí níbì kankan. Rédà kò rí ooru, kò tilẹ̀ rí ọ̀rinrin. Ẹ̀kán omi àti yìnyín tó ti tóbi ló rí. Ṣe ni wọ́n ń fi èyí tó hàn wá èyí tó pamọ́, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà ṣe é rèé.

Wọ́n á kọ́kọ́ wá ìlà dídán. Bí yìnyín wẹ́wẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, omi á bò ó lára, rédà á sì rí i bí ẹ̀kán omi ràbàtà. Tó bá yọ́ tán, á kéré, á máa já bọ́ kíákíá, àmì rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Nítorí náà ìlà tó ń dán kan á là gbọọrọ nínú àwòrán rédà, ní kìlómítà 4.5 sí 5. Níbi tí ìlà náà bá wà, òjò pẹrẹsẹ ni. Níbi tí kò bá sí, tí àmì rédà sì le kooko tó nàró, òjò gogoro ni. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á wo bí orí òjò ṣe ga tó, iye òjò tó wà níbi ìlà dídán àti iye tó dé ilẹ̀. Wọ́n á wá gbé gbogbo rẹ̀ lọ sínú àtẹ kan tí kọ̀ǹpútà ti ṣe sílẹ̀: bí orí òjò bá ga tó báyìí, bí ooru ṣe pín láti ilẹ̀ dé òkè nìyí.

Àtẹ méjì ló gbajúmọ̀. CSH tí Wei-Kuo Tao àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1993 ń fi iye òjò tó dé ilẹ̀ àti ìpín òjò pẹrẹsẹ ṣiṣẹ́. SLH tí Shoichi Shige gbé jáde ní 2004 ń fi gíga orí òjò ṣe é, tó bá sì kan òjò pẹrẹsẹ tó ga, á lo iye òjò tó wà níbi tí yìnyín ti ń yọ́. SLH ló wù wá jù fún ìjì tí ọjọ́ orí rẹ̀ ń yí padà, torí òjò gogoro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù àti èyí tó ti dàgbà lè rọ iye omi kan náà sílẹ̀, nígbà tí gíga wọn yàtọ̀ pátápátá.

Àléébù rẹ̀ kò kéré o. Ibi tí àtẹ ti wá ni ìṣòro àkọ́kọ́. SLH ti ìbẹ̀rẹ̀ ti inú ìwádìí TOGA COARE jáde, èyí tí ọkọ̀ òkun àti bálúùnù ṣe lórí ìwọ̀-oòrùn Pàsífíìkì láàárín 1992 sí 1993. Ìkúukùu òkun ni. Ìjì tó bá gba orí ilẹ̀ gbígbẹ Sahel kọjá kò jọ ọ́: ìsàlẹ̀ ìkúukùu ga, afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ gbẹ, ọ̀pọ̀ ẹ̀kán omi ń gbẹ dànù kó tó kan ilẹ̀. Ẹni tó bá ka òjò tí rédà rí ní kìlómítà 2 sókè sí òjò tó dé ilẹ̀ yóò bu omi lé e, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì fojú fo òtútù tí gbígbẹ náà fà.

Ìṣòro kejì ni òjò kékeré. Rédà TRMM kò rí òjò tó bá kéré ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà ní wákàtí kan lọ. GPM sàn díẹ̀, ó ń rí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Tí òjò bá sì wá pọ̀ jù, ìgbì fúnra rẹ̀ á máa rẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ń tún èyí ṣe nípa fífi àmì tó padà láti orí ilẹ̀ nígbà òjò wé ti ìgbà tí òjò kò sí. Lórí òkun ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, lórí ilẹ̀ olókè gẹ̀gẹ̀rẹ̀ ó ń ṣini lọ́nà.

Ẹ̀kẹta ló máa ń dun àwọn onímọ̀ jù. Yìnyín tó wà nínú òjò pẹrẹsẹ, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti di yìnyín nínú òjò gogoro, kí afẹ́fẹ́ tó gbé e wá. Ooru rẹ̀ ti jáde níbẹ̀, ní wákàtí kan sẹ́yìn, ní ọ̀nà jíjìn. Àwòrán ìṣẹ́jú kan kò lè sọ èyí. Ìdí nìyẹn tí a kì í gba ìṣirò ooru ojú kan ṣoṣo gbọ́. Tó bá di ìpíndọ́gba oṣù lórí agbègbè tó fẹ̀, àṣìṣe yẹn á pa ara rẹ̀ rẹ́.

Àwọn sátẹ́láìtì míràn wà tí kò ní rédà, tí wọ́n kàn ń gba ìgbì máíkíróweefù tó ń ti ilẹ̀ àti ìkúukùu jáde. Wọ́n pọ̀, wọ́n ń kọjá lemọ́lemọ́, lórí òkun wọ́n sì wúlò. Lórí ilẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tàn ju òjò lọ, nítorí náà yìnyín òkè nìkan ni wọ́n lè dá mọ̀. Ẹ wá wo etíkun wa láti Lomé dé Èkó: òjò tí kò ní yìnyín pọ̀ níbẹ̀, orí rẹ̀ kì í dé kìlómítà 5, pàápàá ní àkókò oṣù kẹjọ tí omi òkun tutù. Ìkúukùu á wà, ìrì òjò á máa ṣẹ̀, sátẹ́láìtì á ní òjò kò rọ̀. Ooru irú òjò bẹ́ẹ̀ kì í kọjá kìlómítà mẹ́ta-mẹ́rin.

Yàtọ̀ sí ooru inú òjò, orí ìjì tó tẹ́ bí orí olú tún ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn tí òjò bá dá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gba ooru tó ń ti ilẹ̀ bọ̀, orí rẹ̀ ń tú ooru sí òfìfo. CloudSat, tó gòkè ní 2006 pẹ̀lú rédà gígáhẹ́ẹ̀tì 94, ló jẹ́ ká rí ìkúukùu tínrín wọ̀nyí ní ìpele-ìpele. Ṣùgbọ́n ariwo tó ń padà láti orí ilẹ̀ kì í jẹ́ kó rí nǹkan kan ní kìlómítà kan tó kẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún sátẹ́láìtì nìkan. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje 2016, ìwádìí DACCIWA gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí Kumasi ní Gánà, sí Ṣábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ àti sí Ilé-Ifẹ̀, kí wọ́n lè wo ìkúukùu tó ń bò wá lóru, ní ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan péré sókè, tí kì í ká títí ilẹ̀ á fi mọ́ dáadáa. Inú kìlómítà tí CloudSat kò rí gan-an ló wà.

EarthCARE, tí Yúróòpù àti Japan fi ránṣẹ́ ní oṣù karùn-ún 2024, gbé ohun tuntun wá. Bí fèrè ọkọ̀ tó ń bọ̀ ṣe ń dún yàtọ̀ sí ti èyí tó ti kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì tó padà láti ara ohun tó ń gòkè ṣe yàtọ̀ sí ti ohun tó ń sọ̀. Rédà rẹ̀ ni àkọ́kọ́ tó ń wọn èyí láti òkè ọ̀run. Níbi tí a bá ti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yára gòkè, a ò nílò àtẹ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Kìkì pé gígáhẹ́ẹ̀tì 94 kì í wọ inú òjò ńlá jìnnà: láàárín òjò gogoro, ìsàlẹ̀ àwòrán rẹ̀ dúdú ni.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ wò ó, ọ̀fẹ́ ni NASA àti JAXA, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan, fi ìṣirò ooru TRMM àti GPM sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ́kọ́ wo bóyá dígírì ní wákàtí kan ni wọ́n fi kọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbóná tàbí dígírì lóòjọ́. Ìlọ́po 24 ló wà láàárín wọn, ọ̀pọ̀ àwòrán tó ti bà jẹ́, ibẹ̀ ló ti bà jẹ́. Wò ó bóyá ìgbà tí òjò ń rọ̀ nìkan ni wọ́n fi ṣe ìpíndọ́gba. Má sì lo oṣù kan ṣoṣo fún ìlú kan: ọjọ́ 46 ni TRMM fi ń rí gbogbo wákàtí ọ̀sán àti òru ní ibì kan, ìjì kan tó ṣèèṣì bá pàdé lè yí gbogbo oṣù náà po.

Lẹ́yìn náà, ṣe ìdánwò kan. Ro gbogbo ooru pọ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, kí o sì fi wé mìlímítà òjò lóòjọ́ ní ìlọ́po 29. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí èèyàn ka gbogbo ìpele sí ohun tó wúwo bákan náà. Mítà 250 afẹ́fẹ́ tó wà nílẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi kílò 290 lórí mítà onígun mẹ́rin. Irú rẹ̀ ní kìlómítà 10 kò ju nǹkan bíi 100 lọ. Ẹni tí kò bá fi ìwúwo yẹn sínú ìṣirò, ooru òkè rẹ̀ á pọ̀ ní ìlọ́po tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta, yóò sì máa rò pé òjò pẹrẹsẹ ló pọ̀ níbẹ̀.